Fọlákẹ́, Má Fi Lẹ́tà Dana Ránṣẹ́

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ kú ilé tuntun, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ inú abọ́ pupa ni kí o kọ́kọ́ jẹ, pé ọbẹ̀ inú abọ́ funfun lè wọ fírísà. Láàárín abọ́ méjèèjì ló ní òun máa fi lẹ́tà yìí sí. Bí epo bá kàn án, o mọ ẹni tí o máa bá wí.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé, "Dádì, láti Longbridge sí Barking Riverside, ṣé ó tó kọ lẹ́tà?" Ó tó. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, o ti sọ "Mo ti gbọ́, Dádì" nígbà mẹ́rin. Ìyá rẹ tó jókòó tì mí ló ń fi ìka kà á. Ìwé ní àǹfààní kan tí èmi kò ní: o kò lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bọ́ bàtà rẹ, jókòó, kí o kà á dópin.

Ọ̀rọ̀ Dana ni.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ fún mi sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yín. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka ní Kánádà, lórí ilẹ̀ àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an. Àwọn ọ̀gá yín fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ àṣà irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà máa fi àìmọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ rere ni, inú mi sì dùn pé ìwọ ni wọ́n yàn. Dana, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Kíríì, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ Kánádà yẹn, wà nínú ẹgbẹ́ náà. O ní kí ó dé adé ìyẹ́ ẹyẹ ńlá, irú èyí tí a máa ń rí nínú fíìmù, kí ẹ lè fi àwòrán rẹ̀ sára pósítà ìpàdé Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun kò ní ṣe é. O bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò ní ṣe é. Inú bí ọ, o sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín pé Dana kì í fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

"Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, Dádì. Tó bá di Ọjọ́rú, màá fi ránṣẹ́."

Ọjọ́ Ajé nìyí. Mo bẹ̀ ọ́, má fi í ránṣẹ́. Mo mọ lẹ́tà náà bí ẹni mọ owó. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí.

O rántí pé mo ṣe ọ̀gá ẹ̀ka ní ilé ìfọṣọ ńlá kan nítòsí odò Roding nígbà tí o ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti gboyè yunifásítì kí n tó kúrò nílé, mo sì gbà pé ọgbọ́n tí mo gbé wá pọ̀ ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi lọ. Ẹni tó bá ń rò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ sọ ara rẹ̀ di òmùgọ̀. Oríṣiríṣi ènìyàn ló kún ibẹ̀: ọmọ Gánà, ọmọ Bangladéèṣì, ọmọ Póláǹdì, àwa ọmọ Nàìjíríà, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Mere, ọmọ Màórì, àwọn onílẹ̀ Niú Sílándì. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń borí ariwo ẹ̀rọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ní kí a dá ẹgbẹ́ àṣà sílẹ̀ láàárín àwa òṣìṣẹ́, èmi ni mo sọ ara mi di alága. Kò sẹ́ni tó dìbò.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a máa ń fọ ẹrù tiwa náà: aṣọ iṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀, tówẹ̀lì tí a fi ń nu òógùn, àti aṣọ ìnu-abọ́ ti ilé ìdáná wa. Mo ní kí wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan, kí iṣẹ́ lè yá. Mere a máa yọ aṣọ ìnu-abọ́ kúrò, a máa fi ọwọ́ fọ wọ́n nínú bàsíà lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan mo bá a nídìí bàsíà náà.

"Mere, kí ni èyí? Ẹ̀rọ kò tó fún ọ?"

"Ọ̀gá, ohun tó kan ara kì í bá ohun tó kan oúnjẹ lọ sínú omi kan náà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

"Ṣebí ọṣẹ kan náà ni! Omi gbígbóná kan náà ni!"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ, Ọ̀gá."

"Ilé ìfọṣọ la wà, Mere. A ò sí nílé ìyá rẹ."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Mo gbé bàsíà náà kúrò níwájú rẹ̀, mo sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Ọmọ mi, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yẹn, ẹnu nìkan ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹnìkan bá ní òun kò ní ṣe ohun kan, má kọ́kọ́ wádìí bí ìwà rẹ̀ ṣe rí. Kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé, lẹ́yìn náà kí o pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dáhùn tán. Pípa ẹnu mọ́ yẹn ló le jù, pàápàá fún ìdílé wa.

Èkejì. A fẹ́ ṣe Ọjọ́ Àṣà ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti rí ijó àwọn Màórì nínú tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn máa ń jó, tí wọ́n á ranjú, tí wọ́n á yọ ahọ́n. Mo ní kí Mere wá jó o fún wa kí a tó pín ìrẹsì. Ó ní ijó náà ní ìdí àti àkókò tí wọ́n fi ń jó o, òun kò lè dá dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ kí òun máa jó o fún ẹni tó ń jẹ ẹran. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo lè kọ́ yín bí a ṣe ń gba àlejò nílé wa. Kò gùn púpọ̀." Mo ní ìkíni kọ́ ni àwọn ènìyàn fẹ́ wò. O gbọ́ ohun tí mo wí? Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí kò sí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí ní kékeré tó ìkíni, èmi ni mo sọ pé ìkíni kì í ṣe àṣà!

Ibí ni ọ̀rọ̀ adé tìrẹ ti wọlé. Fi ojú inú wò ó: kí ọ̀gá yín pè ọ́ lọ́la pé, "Fọlákẹ́, ọmọ Yorùbá ni ọ́, wá dé adé ìlẹ̀kẹ̀ tó bojú, ká ya ọ́ ní fọ́tò." Ṣé o máa dé e? Ìyá rẹ máa kọ́kọ́ fi orúkọ Jésù pariwo. O máa ní adé kì í ṣe fìlà, pé ẹni tí wọ́n bá fi jẹ nìkan ló ń dé e. Mo fẹ́ kí o bi ara rẹ bóyá ohun tí Dana ń sọ fún ọ nìyẹn. Mi ò mọ̀ dájú, nítorí mi ò tíì bi í. Ìwọ náà kò tíì bi í. Sì jọ̀ọ́, má gbé ohun tí mo sọ nípa Màórì lọ bá a, kí o máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ aṣọ ìnu-abọ́. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, òkun ló là wọ́n láàárín. Àbí inú rẹ máa ń dùn tí wọ́n bá ń bi ọ́ léèrè àṣà ilẹ̀ Kẹ́ńyà?

Èyí tó kàn, bóyá ẹ̀kẹta ni, bóyá ẹ̀kẹrin. Ní Ọjọ́ Àṣà náà, wọ́n to oúnjẹ sórí tábìlì gígùn kan. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, mo sì fẹ́ kó dà bíi pé mo ti mọ ọ̀nà ìlú yìí. Mo bọ́ fìlà mi sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì, mo gbé ìdí mi lé etí tábìlì náà, mo ń mi ẹsẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ láàárín àṣà àti àṣà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rí i tí Mere wo ìdí mi, ó wo fìlà mi, ó wo ìrẹsì, ó rọra gbé abọ́ rẹ̀ tó ṣófo padà, ó sì jáde síta. Lójú àwọn Màórì, ibi tí oúnjẹ wà kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé ìdí lé, fìlà tó ti orí wá kì í sì í bá oúnjẹ gbélé. Tí ìyá àgbà rẹ bá wà níbẹ̀, òun náà ì bá ti gbá mi létí. Mi ò lè wí pé mi ò mọ̀ ọ́n; mo mọ̀ ọ́n nílé, mo gbàgbé rẹ̀ lọ́fíìsì.

Nítorí náà, Àjọkẹ́, nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìpàdé yín, kì í ṣe orí pèpéle ni àṣà wà jù. Ó wà nídìí kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi tíì, ó wà nínú bí ẹ ṣe ń pe orúkọ ara yín, ó wà lára ẹni tó dákẹ́ lójijì nígbà tí gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tí kò bá yí ohun kékeré kan padà nínú ilé ìdáná òṣìṣẹ́, eré ìtàgé lásán ló ń ṣe.

Èyí tó burú jù wá kù. Ní ọjọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà sí máníjà. Mo kọ ọ́ dáadáa, èdè rẹ̀ jọjú. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé tí mo kà ṣe? Mo ní Mere ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, pé ó kọ oúnjẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé kì í fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wo lẹ́tà tìrẹ nínú kọ̀ǹpútà, kí o sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n gbé Mere lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tú ẹrù ẹlẹ́gbin, níbi tí ohun gbogbo ti máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fara dà á. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó wọ ilé ìdáná wa, ó fi ọwọ́ fọ gbogbo aṣọ ìnu-abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sá wọn, ó ká wọn nígbà tí wọ́n gbẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi kó wọn sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tí èyí tí a fi ẹnu sọ bá rí bẹ́ẹ̀, kí la máa wá pe èyí tí a kọ, tí máníjà fi sínú fáìlì?

Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù? Ní ọdún kan náà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rí mi lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì lójú títì Ripple Road, nínú sùtánà funfun mi, láìwọ bàtà, nígbà òtútù. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Ẹ wò ó, Mósè ti dé! Mósè, ṣé odò Roding ti pínyà?" Odindi oṣù kan ni wọ́n fi pè mí ní Mósè. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń bi ara mi pé, ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnìkan kàn bi mí pé kí ló dé tí n kò wọ bàtà? Ẹnìkan ló bi mí. Mere ni. Mo ṣàlàyé fún un pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ àdúrà wa, ó mi orí, ó ní, "Ó yé mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo gba bàsíà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí orúnkún ìyá rẹ ń dùn ún, mo ní kí n ṣe ọkọ rere. Mo kó aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Sùtánà rẹ̀ wà níbẹ̀, mo kó o mọ́ ọn. Ìbọ̀sẹ̀ mi wà níbẹ̀. Aṣọ ìnusẹ̀ ilé ìwẹ̀ náà wà níbẹ̀. Igbe tí mo gbọ́ láti ilé ìdáná, mo rò pé olè ni.

"Bàbá Fọlákẹ́! Sùtánà mi? Sùtánà mi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ yín?"

Èmi náà yára dáhùn pé, "Ṣebí ọṣẹ kan náà ni!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi báyìí, mo mọ ibi tí mo ti sọ ọ́ rí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó gbàgbé ìbínú rẹ̀, ó sáré bu omi wá. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ wá obìnrin náà kàn. Ẹ má dé ọ̀run kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní mọ ìwé tí ẹ máa kọ síbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọlọ́run mi kò wo ti ìtìjú mi, inú ọjà Barking ló ti mú èmi àti Mere pàdé ní oṣù tó kọjá, nídìí ẹlẹ́ja, tí mo gbé ẹja èpìyà dání bí ọmọ tuntun. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ni.

Ó nawọ́ sí mi. "Ọ̀gá Tábìlì!"

Àṣé orúkọ tí gbogbo wọn ń pè mí lẹ́yìn nìyẹn, Fọlákẹ́. Fún ọdún mélòó kan!

Mo ní, "Mere, mo ti ń wá ọ. Mo ṣẹ̀ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀: bàsíà, ijó, tábìlì, lẹ́tà. Nígbà tí mo kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà, omi bọ́ lójú mi, ẹlẹ́ja sì ń bi mí bóyá kí òun gé ẹja náà tàbí kí òun má gé e.

Mere ní, "Dáhùn, ó ń bi ọ́ léèrè." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló ṣí ọ lójú?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ sùtánà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá mi mú. "Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà?"

"Rárá o."

"Obìnrin gidi ni. Bá mi kí i."

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀, àmọ́ ó dá ẹ̀rín náà dúró. Ó ní, "Ọdún tí mo nílò iṣẹ́ yẹn jù ni mo fi í sílẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé dá padà, mi ò sì ní sọ fún ọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí o bá rí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe é, dá a dúró. Ìyẹn máa tẹ́ mi lọ́rùn ju omijé lọ."

Mo ṣe ìlérí fún un níwájú ẹja. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú pópó, tí mo ń ronú ẹni tí màá dá dúró. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni. Mo pè ọ́ ní ọjọ́ Àìkú, o sọ̀rọ̀ Dana, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìwọ ni. Nítorí ohùn tí o fi sọ ọ́, Fọlákẹ́, ohùn mi ni. Lọ́dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀, mi ò sì fi dá ọ lẹ́bi.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo wà nínú kòtò náà, ọmọ mi, mo ń juwọ́ sí ọ. Pa lẹ́tà yẹn rẹ́ kí o tó sùn lónìí. Yọ pósítà náà kúrò. Ìpàdé lè wáyé láìsí àwòrán adé. Ní ọ̀la, lọ bá Dana kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Sọ fún un pé o ṣi ẹsẹ̀ gbé, má fi "ṣùgbọ́n" kankan kún un. Lẹ́yìn náà, bi í pé, "Kí ni ìwọ máa fẹ́ kí àwa tí a wà níbí mọ̀?" Ó lè dáhùn. Ó lè ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni; Dana kì í ṣe ìwé àkàgbádùn fún ọ́fíìsì. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ọmọ ẹ̀yà rẹ̀ níbẹ̀, ẹrù ló jẹ́ fún un láti máa kọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ ní ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wá ìwé kà, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ pe àwọn àgbà ẹ̀yà náà láti Kánádà, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Ẹgbẹ́ tìrẹ lè dára gan-an. O ní ọ̀yàyà, o ní agbára, àwọn ènìyàn sì máa ń tẹ̀lé ọ. Ohun tó kù ni kí o jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú díẹ̀.

Ìyá rẹ ti dé fìlà, ó ní bọ́ọ̀sì máa fi òun sílẹ̀ nítorí lẹ́tà tó gùn bí ìwàásù. Kí Ọlọ́run, ẹni tó mú mi pàdé Mere nídìí ẹja, ṣe ọ̀nà rẹ ní rere, kó má jẹ̀ẹ́ kí o di arúgbó kí o tó tọrọ àforíjì tó yẹ kí o ti tọrọ ní èwe.

Fún mi ní ìròyìn ní alẹ́ ọ̀la, kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Mo bi í." Nígbà tí o bá sì dé ọ̀dọ̀ Dana, bí àga kò bá sí, dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ. Má jókòó sórí tábìlì rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọ̀gá Tábìlì, ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ títí ayé.